Ìdáhùn fún Rẹ̀mílẹ́kún

Ojú wọn ṣe mẹ́rin níwájú òṣùwọ̀n omi, láàárín èrò tó lé ní igba. Ìyùnadé ń na ọrùn wá àwọn tí yóò mú gun òkè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń yọ yẹtí Alárenà kúrò létí, ni ojú bá kó sójú. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, òun náà kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lẹ́nu Ìyùnadé fò lọ, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sín tí sísín kò dé.

Ká ní yẹtí yẹn ṣì wà létí rẹ̀ ni, Alárenà, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn wá ọkọ tàbí aya, ìbá ti sọ fún un kí ó tó ṣẹ́jú pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ni òun àti ọmọbìnrin yìí fi bá ara mu, ìbá sì ti fi gbólóhùn àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n yẹtí ti bọ́ sínú àpótí. Láti ẹnubodè yìí lọ sókè, ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sí èèyàn létí, nítorí pé ìgbì wọn a máa da àwọn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú yìnyín láàmú. Lórí Kilimanjáró, ẹnu ara ẹni lèèyàn fi ń sọ̀rọ̀, ojú ara ẹni ló sì fi ń wòye.

"Gbé kèǹgbè rẹ lé mi," òṣùwọ̀n wí. "Orúkọ rẹ, àti ibi tí omi ti wá."

"Ládípọ̀ ni mí. Omi kùrukùru ni, láti Òkè-Ìmẹ̀sí. Àwọ̀n tí mo fọwọ́ ara mi rán ló mú un láti inú afẹ́fẹ́."

"Lítà mẹ́ta, iye tí wọ́n ń gbà ní Ẹnu Yìnyín, ibodè orí òkè. Ó pé. Ìwé wà lára rẹ."

Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí i. Ìwé ti di ohun àgbàyanu lójú ọ̀pọ̀ èèyàn.

"Lẹ́tà ni," Ládípọ̀ dáhùn. "Rẹ̀mílẹ́kún ló ni ín. Olùtọ́jú yìnyín ni, lórí òkè lọ́hùn-ún."

"Mo rí i," òṣùwọ̀n wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. "Alárenà so ẹ̀yin méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ márùndínlógójì sẹ́yìn. Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Bí ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún bá pọ́n tí ìdáhùn kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìdákẹ́ rẹ di 'bẹ́ẹ̀ ni', ó sì di ìyàwó rẹ lójú òfin. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ìyùnadé gbọ́ pẹ̀lú. Kò mọ ohun tó kàn án níbẹ̀ tí àyà rẹ̀ fi já. Ẹni tí kò tíì bá sọ̀rọ̀ rí, ẹni tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó mọ orúkọ rẹ̀, ó ti ní ibi tó ń lọ. Ó tún ìdè ìborí rẹ̀ so, ó sì rántí iṣẹ́ rẹ̀.

"Amọ̀nà," ohùn kan dún lẹ́yìn rẹ̀, "ṣé títí ẹsẹ̀ mi á fi hu gbòǹgbò ni mo fẹ́ máa dúró níbí?"

Àlájà Sáfúrátù nìyẹn, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin láti Ìwó, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbá kèǹgbè tirẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Òun àti Ládípọ̀ nìkan ló gbọ́ Yorùbá nínú gbogbo èrò ọjọ́ náà. Nítorí pé kò sí yẹtí tí yóò máa túmọ̀ èdè lórí òkè, amọ̀nà tó gbọ́ èdè yín lẹ ó bá lọ. Mọ́ṣì ni wọ́n bí Ìyùnadé sí, nísàlẹ̀ òkè gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Nígbà tí òkun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá ibi tó ga jù lọ tí wọ́n lè ronú kàn lọ, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí omi tún lé àwọn kiri mọ́.

"Ẹ má bínú, Àlájà," ó ní. "Ẹ kú ìdúró."

"Ìdúró kọ́ ló ń rọ́ mi lọ́rùn," Àlájà sọ, ó wo Ládípọ̀, ó tún wo òun. "Mo ń wo nǹkan ni."

*

Ọjọ́ kìíní tán nínú igbó, lábẹ́ igi tí ewédò hù lára wọn bí irùngbọ̀n. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ irin tó ru àgọ́ àti oúnjẹ wọn ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dún kọ́, kọ́, kọ́ lórí gbòǹgbò. Àlájà kò yé bá a jà.

"Ìwọ tí o kò jẹ, tí o kò mu, kí lo fi ń rìn?"

"Oòrùn ni, Àlájà," Ládípọ̀ dá a lóhùn.

"O fẹ́ sọ pé oòrùn nìkan tó gbé èèyàn gun òkè? Kí ni mo wá ń ru gààrí fún?"

Ní ọjọ́ kejì, igbó tán, koríko gíga bẹ̀rẹ̀. Odò kan ń ṣàn láàárín òkúta. Àlájà dúró, ó wo odò náà, ó wo kèǹgbè ẹ̀yìn rẹ̀.

"Omi rèé tó ń ṣàn láìsí ẹni tó bi í, èmi wá ń pọn omi kànga Ìwó gun òkè."

"Ẹ mu ún, Àlájà, ẹ fi bọ́jú," Ìyùnadé ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má bù ú kún kèǹgbè. Inú yìnyín yẹn ló ti ń yọ́ wá. Ẹni tó bá bu omi òkè lọ dà sórí òkè, ẹran ara òkè ló gé bọ́ òkè."

"Ta ni yóò mọ̀?"

"Òṣùwọ̀n kò lè mọ̀. Ìwọ̀n nìkan ló ń wò."

Ládípọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbọ́n omi mu. Ó gbójú sókè. "Ṣé òótọ́ ni pé nígbà kan, yìnyín tán pátápátá lórí òkè yìí?"

"Bàbá mi bá a bẹ́ẹ̀. Òkúta lásán, bí orí apárí. Odò yìí kò sí. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé omi lọ síbẹ̀, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ní báyìí, ó ti tó pápá bọ́ọ̀lù méjì. Ọwọ́ àwa èèyàn ló kó gbogbo rẹ̀ jọ, kèǹgbè kan tẹ̀ lé kèǹgbè kan."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé. Ládípọ̀ wò ó pẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi jò tán ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó tó rántí pé òǹgbẹ ń gbẹ òun.

*

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà kò bọ́ síta títí di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n ń mu tíì lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní, tí ìkùukùu sì wà nísàlẹ̀ wọn bí òwú tí wọ́n gbọ̀n sílẹ̀. Ládípọ̀ fọwọ́ kan àyà rẹ̀ níbi tí lẹ́tà wà, ìgbà kẹrin láàárọ̀ yẹn.

"Kò tíì fò lọ," Àlájà sọ. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, bi mí léèrè pé ọdún mélòó ni mo fi gbẹ̀bí. Ẹni tó bá ń fọwọ́ pa nǹkan báyìí, ẹrù ń bà á. Ṣé 'bẹ́ẹ̀ ni' lo kọ sínú rẹ̀?"

Ìyùnadé ń nu ife tí ó ti mọ́. Ó tún un nù.

"'Bẹ́ẹ̀ kọ́' ni, Àlájà," Ládípọ̀ dáhùn.

"Ìwọ rin ọjọ́ márùn-ún láti lọ kọ ọmọbìnrin? Alárenà kò lè bá ọ kọ̀ ọ́?"

"Ó lè bá mi kọ̀ ọ́, ma. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, àwọn á rán ẹ̀rọ. Yóò sì dùn létí ju tèmi lọ, kò ní ta á lára rárá. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Lẹ́yìn tí Alárenà so wá pọ̀, ọmọ náà jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú ewé mẹ́ta sí mi. Kò jẹ́ kí ẹ̀rọ tún un ṣe. Ó ṣìwé kọ níbì kan, ó fa igi sí i, ó tún un kọ. Èèyàn tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó rí ojú ẹni tó fẹ́ kọ̀ ọ́."

"Ìdá mélòó ni Alárenà fún yín?" Ìyùnadé béèrè. Ó fẹ́ kí ohùn òun dún bí ohùn amọ̀nà.

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún."

"Ó pọ̀."

"Ó pọ̀, ẹ̀gbọ́n amọ̀nà. Mo wá ìfẹ́ náà títí nínú ara mi. Mi ò rí i."

Àlájà mi orí, ó sì ju búrẹ́dì rẹ̀ sí kannakánná kan tó ń rìn kiri láàárín wọn bí ọlọ́pàá. Ìyùnadé rí i, kò fura. Ayọ̀ kan tí kò bójú mu ti kún inú rẹ̀, ó sì ń wá ibi tí yóò fi pamọ́ sí. Ọ̀sán ọ̀túnla, ó ń sọ nínú ara rẹ̀. Kí lẹ́tà yẹn ṣáà ti débẹ̀ kí ọ̀sán ọ̀túnla tó pọ́n.

*

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni nǹkan bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, otútù ń gé etí bí abẹ. Ìyùnadé ń wí fún wọn pé "pole pole", bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń wí, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá sáré gun òkè yìí, ẹ̀yìn ló ń fi sọ̀kalẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Àlájà dúró, ó di okùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ irin mú, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ló pa iná?" Ó sì ṣubú gbì.

Kí Ìyùnadé tó dé ibẹ̀, Ládípọ̀ ti ṣí kèǹgbè, ó sì ti rọ omi lé obìnrin náà lórí, ó rọ ọ́ sójú, ó rọ ọ́ sáyà, ó ń pè é, "Àlájà, ẹ má lọ, Àlájà o."

Àlájà mí kanlẹ̀, ó lajú. "Ta ló ń wẹ̀ mí láìgbàṣẹ?"

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Ìyùnadé já kèǹgbè gbà. "Níbi tí omi ti ń di òkúta ni ẹ ti ń da omi lé àgbàlagbà lórí?"

Ó bọ́ ẹ̀wù tútù náà kúrò lára Àlájà, ó fi aṣọ tó gbóná wé e, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé òkúta, ó fi tíì tó dùn sí i lẹ́nu. Kì í ṣe Ládípọ̀ nìkan ló ń bínú sí. Òun pẹ̀lú, tó ti gba ẹ̀kọ́ ọdún méjì, ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí Àlájà ṣubú ni pé ó wá omi. Ládípọ̀ kàn yá jù ú lọ ni.

"Kì í ṣe èmi ni mo ṣe é, ọwọ́ mi ni," Ládípọ̀ ń wí, ojú rẹ̀ funfun bí eérú. "Nílé wa, bí èèyàn bá dákú, omi là ń pariwo."

"Nílé tèmi náà nìyẹn," Ìyùnadé ní, ó rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àlájà jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìtìjú. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí kànga ilé òun bá tún lómi, òun á gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè yìí láti fi dúpẹ́. Kànga ti lómi. Ó wá ń gbààwẹ̀, ó ń fi oúnjẹ rẹ̀ bọ́ ẹyẹ.

"Kannakánná yẹn yóò ti sanra," ó wí. Kò sẹ́ni tó lè má rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé àgọ́ tí Ìyùnadé gbé kèǹgbè Ládípọ̀ lé òṣùwọ̀n kékeré tó wà níbẹ̀, ẹ̀rín tán. Lítà kan àti àbọ̀ ló kù.

"Omi rẹ kò pé," òṣùwọ̀n náà wí. "O kò ní kọjá Ẹnu Yìnyín lọ́la."

Àlájà ní kí wọ́n bu tòun sí i. Ìyùnadé ní bí wọ́n bá bu tirẹ̀, kèǹgbè méjèèjì ló máa dín. Ládípọ̀ jókòó sórí òkúta, ó na ẹsẹ̀, ó ń wo orí òkè tó ń tàn nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, níbi tí obìnrin kan tí kò rí rí ti ń dúró de ìdáhùn. Ọ̀la, bí oòrùn bá ti dé àtàrí, òfin yóò so ó mọ́ ọn, yóò sì so obìnrin náà mọ́ ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

*

Ilẹ̀ mọ́ kedere. Ìyùnadé sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìṣàn omi tó wà lábẹ́ àgọ́, kèǹgbè Ládípọ̀ ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wí fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ bọ́jú ni. Ta ló máa ń gbé kèǹgbè ẹlòmíràn lọ bọ́jú?

Lítà kan àti àbọ̀ péré. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí ìdérí. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní mọ̀, olùtọ́jú kò ní mọ̀, yìnyín pàápàá kò ní mọ̀. Ládípọ̀ yóò wọlé, yóò fún obìnrin náà ní lẹ́tà, yóò jáde ní òmìnira, nígbà náà, bóyá... Ó ti ẹnu kèǹgbè bọ omi.

"Bóyá" yẹn ló dá a dúró. Bí ó bá jẹ́ nítorí ọmọlúàbí nìkan ló ṣe fẹ́ ṣe é, ọ̀rọ̀ ìbá tún yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ara rẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí, ní gbogbo ọjọ́ tó bá kù láyé rẹ̀, bí ó bá mú àwọn èèyàn dé òkè tó ní, "Ọwọ́ àwa èèyàn ló kó gbogbo rẹ̀ jọ," òun nìkan ni yóò mọ ibi tí irọ́ wà nínú yìnyín náà. Ó rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, tí yóò gbójú sókè wo funfun tó ń pọ̀ sí i, tí yóò ní, "Omi tó lé mi nílé, wọ́n ti ń dá a padà síbi tó yẹ ẹ́."

Ó fa kèǹgbè yọ. Ẹ̀kán kan kò tíì wọ inú rẹ̀. Ó dé e.

"Mo rí yín," Ládípọ̀ sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Kò yíjú padà. "Kí ló dé tí ẹ kò pè mí?"

"Mo fẹ́ kí ẹ bù ú. Mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ má bù ú. Èwo ni ǹ bá pè?"

Bí wọ́n ṣe gòkè padà, Àlájà ti jókòó sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ irin, wọ́n ti dè é ní ìgbànú, ó dà bí ọba tó ń lọ sóde. Ẹni tó bá dákú lórí òkè gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, òfin ni, ilé ìwòsàn sì wà ní àgọ́ ìsàlẹ̀. Omi rẹ̀ kò ní sọ̀kalẹ̀: orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, amọ̀nà nìkan ni òfin gbà kó bá a gbé e wọlé.

Ó wo ojú àwọn méjèèjì. "Ẹ ti gbìyànjú àtijalè, ẹ kò sì lè jalè. Ó hàn lójú yín." Ó fa gèlè rẹ̀ sílẹ̀. "Amọ̀nà, kí ni òfin sọ nípa ẹni tó lè mú lẹ́tà wọlé?"

"Ẹni tó kọ ọ́, tàbí aṣojú tó ti kà á, tó sì lè dáhùn fún un." Láti àná ni Ìyùnadé ti ní gbólóhùn yìí lọ́kàn. Àná náà ló ti ń fi ara pamọ́ fún un.

"Ní ayé ìyá mi, èèyàn ni alárenà," Àlájà wí. "Kì í ṣe yẹtí. Obìnrin tó lẹ́sẹ̀, tó lójú, tí wọ́n lè bú, tí wọ́n sì lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ojú bá wá mọjú tán, alárenà a yẹra. Ìwọ lo máa gbé omi mi wọlé. Kí ló ń dí ọ lọ́wọ́ láti gbé lẹ́tà mọ́ ọn?"

"Àlájà, ẹ kò mọ ohun tó ń dí mi lọ́wọ́."

"Ọmọ mi, ìwọ nìkan lo rò pé mi ò mọ̀ ọ́n." Ó lu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà léjìká. "Ó yá, ọ̀gbẹ́ni. Rọra, àgbà lo gbé."

Kọ́, kọ́, kọ́, ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ládípọ̀ na lẹ́tà sí Ìyùnadé. Kò fi sínú àpòòwé. Ó kàn ká a ní mẹ́rin. "Ẹ kà á kí ẹ tó dá mi lóhùn. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ní rárá, mi ò ní bi yín léèrè ìdí."

Ó kà á níbẹ̀, lórí ìdúró.

*Rẹ̀mílẹ́kún, mo kí ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ibi tí o ti sọ pé yìnyín a máa kùn lọ́sàn-án bí ìyá àgbà tó ń rẹ ọmọ, mo kà á fún ìyá mi, wọ́n ní kí n tún un kà. Bóyá òótọ́ ni Alárenà sọ pé a bá ara mu. Ṣùgbọ́n mo wá ìfẹ́ nínú ọkàn mi, ọpẹ́ ni mo bá níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ fi ọpẹ́ gbé ọ níyàwó. Ìdáhùn mi ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fẹsẹ̀ ara mi gbé e wá, nítorí pé o fọwọ́ ara rẹ kọ tìrẹ.*

Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn lẹ́tà rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́.

*Nígbà tí mo kọ ti òkè yẹn, kò sí ẹlòmíràn. Láti ẹnubodè òkè ni ẹnì kan ti wà. Kò tíì mọ̀. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́yìn ọ̀la, kí o wá rò pé mo purọ́ fún ọ.*

Ìyùnadé kà á tán, kò gbójú sókè. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ etí ìwé náà. Gbogbo ìwé ìfẹ́ tó ti kà rí, tí ìyá rẹ̀ fi pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, kò sí èyí tó sọ fún un pé ibi tí obìnrin á ti rí orúkọ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ni inú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí obìnrin mìíràn.

"Mo lè pa ìlà yẹn rẹ́," Ládípọ̀ sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Kó má ba à nira fún yín."

"Má pa á rẹ́," Ìyùnadé wí. Àfi bí ó ti sọ ọ́ tán ló rí i pé òun ti sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó mọ̀ ọ́n láti kékeré. "Ó yẹ kí ó kà á. Òótọ́ ni, àbí?"

"Òótọ́ ni."

"Ó dáa. Gbé ẹsẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ló kù."

*

Ẹnu Yìnyín kò ju òpó irin méjì lọ, tí iná aláwọ̀ ewé ń tàn láàárín wọn. Nígbà tí Ládípọ̀ súnmọ́ ọn, iná náà di pupa. Ó padà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Sọ fún un pé mo dúró níbí. Bí ó bá fẹ́ wò mí, kó wò mí. Bí ó bá fẹ́ bú mi, mo lè gbọ́ ọ láti ibí."

Ìyùnadé kọjá. Ó ti kọjá níbẹ̀ nígbà tí kò níye, ṣùgbọ́n lónìí, ilẹ̀ náà jìn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Yìnyín tẹ́ lọ níwájú, funfun, ó ń fi díẹ̀díẹ̀ ṣe aláwọ̀ omi aró níbi tí ó ti nípọn. Obìnrin kan kúnlẹ̀ lórí rẹ̀, ó fi ẹnu ọ̀pá gígùn kan ti yìnyín, ó fi etí ti orí ọ̀pá náà. Ó gbé ìka kan sókè pé kí ó dúró, ó gbọ́ tán, ó sì dìde. Yóò tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Oòrùn ti sun ojú rẹ̀ dúdú, àyàfi ibi tí awò máa ń bò.

"Ẹ kú òkè," ó ní. "Omi ta nìyẹn?"

"Omi Àlájà Sáfúrátù láti Ìwó. Ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ti sọ̀kalẹ̀."

Wọ́n jọ da omi náà, díẹ̀díẹ̀, bí òfin ṣe wí. Omi kànga Ìwó tàn ká, ó gbọ̀n díẹ̀, ó dá, ó sì di ara òkè.

"Ṣé ẹ̀yin ni Rẹ̀mílẹ́kún?"

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lára ọ̀pá. Ó wo oòrùn, ó wo òjìji ara rẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. "Èmi ni. Mo ti rò pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ mọ́. Mo ti ń kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń gba ìdákẹ́." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ka ìdáhùn rẹ̀?"

"Mo ti kà á. Mo lè dáhùn fún un."

"Ẹ mú un wá."

Ìyùnadé fa lẹ́tà yọ, ṣùgbọ́n kò tíì nà án. Ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè nà án báyìí, kí gbogbo rẹ̀ parí. Òfin kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tàbí kí ó sọ ọ̀rọ̀ tó kù. Bí obìnrin yìí bá bínú tó kọ̀ láti gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀sán yóò pọ́n, ìdákẹ́ yóò sì so ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ibodè yẹn mọ́ ọn títí ayé.

Ó kúnlẹ̀ lórí yìnyín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí n tó fà á lé yín lọ́wọ́. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ. Ó ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan. Èmi ni. N kò mọ̀ títí di àárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò lè ní inú mi kò dùn nígbà tí mo mọ̀. Nítorí náà, aṣojú tó wá síwájú yín kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ̀tọ́ yín ni. Màá yípadà."

Rẹ̀mílẹ́kún fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀ lórí yìnyín. Lábẹ́ wọn, yìnyín kùn lẹ́ẹ̀kan, kíkùn tó jinlẹ̀, tó tutù.

"'Bẹ́ẹ̀ kọ́' ni ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn," Rẹ̀mílẹ́kún wí.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni."

"Ibo ló wà?"

Ìyùnadé nawọ́. Láàárín òpó méjèèjì, ọkùnrin kan dúró láìdé fìlà, nínú otútù tó lè gé etí, ó kọjú sí wọn. Kò juwọ́. Ó kàn dúró kí wọ́n lè rí i.

Rẹ̀mílẹ́kún wò ó títí. Omi yọ lójú rẹ̀, ó nù ún kíákíá kí otútù tó mú un. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà lórí òkè yìí," ó sọ. "Alárenà ti so mí pọ̀ mọ́ èèyàn mẹ́fà. Márùn-ún nínú wọn kọ̀ mí, ohùn kan náà ni ẹ̀rọ fi sọ ti gbogbo wọn, mi ò tilẹ̀ lè ya wọn sọ́tọ̀ mọ́. Ẹnì kẹfà rèé." Ó mí. "Ó dùn mí o. Kí ẹ má rò pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n èmi náà ṣì lè rí ẹni tí yóò rin ọjọ́ márùn-ún láti wá sọ 'bẹ́ẹ̀ ni'. Mi ò mọ̀ pé irú wọn ṣì wà. Ẹ dìde, yìnyín á jẹ orúnkún yín."

Ó di apá Ìyùnadé mú, ó gbé e dìde. Lẹ́yìn náà ó fi eyín fa ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ́, nítorí pé wọn kì í fi ìbọ̀wọ́ gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta, ó ṣófo nínú oòrùn.

Ìyùnadé fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà lé e.